Gúlù ohun ọ̀gbìn nínú bọ́ọ̀dù: kí ló ń jẹ́ kó lè kojú omi àti iná?

Káfíńtà tó bá ń rẹ́ particle board tuntun, ìyẹn bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi gúlù so èérún igi pọ̀ ṣe, ní yàrá tó há l'Óṣogbo mọ òórùn kan tó máa ń ta ojú àti imú. Formaldehyde ni, òun náà ló wà nínú fọ́málìn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Inú gúlù yùríà tó so èérún igi yẹn pọ̀ ló ti ń jáde, owó gúlù ọ̀hún ò wọ́n, ó sì tètè ń le, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ níta, àmọ́ ooru àti ọ̀rinrin máa ń tú u díẹ̀díẹ̀, tí formaldehyde á sì máa jáde sínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ooru àti òjò ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti 2004 ni IARC, ẹ̀ka tó ń rí sí jẹjẹrẹ ní àjọ ìlera àgbáyé, ti ka formaldehyde mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá gúlù ohun ọ̀gbìn tó lè rọ́pò ti yùríà.

Kì í ṣe pé ohun ọ̀gbìn ò lè lẹ̀ o. Ẹ wo àwọn aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ l'Óṣogbo, láfún tí wọ́n sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ya aṣọ, ó máa gan mọ́ ọn débi pé aró ò ní wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti rẹ aṣọ sómi tí wọ́n ha á, ó ti ṣí nìyẹn. Ohun tí omi máa ṣe fún gúlù sítáàṣì lásán nínú bọ́ọ̀dù náà nìyẹn, torí sítáàṣì fẹ́ràn omi gan-an.

Ti ẹ̀wà sóyà ni wọ́n ti rí ọ̀nà sí dáadáa. Púrótéènì inú ẹ̀ ká jọ, wọ́n á kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, wọ́n á wá da kẹ́míkà kan mọ́ ọn, èyí tí àwọn tó ń ṣe tíṣù ń lò kí tíṣù má bàa já nínú omi. Tí ẹ̀rọ gbígbóná bá ti tẹ bọ́ọ̀dù náà, kẹ́míkà yẹn á so púrótéènì mọ́ra wọn àti mọ́ igi, omi ò wá ní ríbi wọlé bíi tàtẹ̀yìnwá. Kaichang Li ní Oregon State University, l'Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ẹran inú karawun tó ń lẹ̀ mọ́ òkúta létí òkun ló wò kọ́ṣe, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ ìjọba ibẹ̀ ní 2007.

Ti iná ló le jù. Kò sí igi tí iná ò ní jó, ohun tí wọ́n ń wá ni kó pẹ́ kó tó jó, káwọn ará ilé lè ráyè sá jáde. Wọ́n máa ń fi nǹkan tó ní phosphorus sí i, irú èyí tó wà nínú awọ tín-ín-rín tó wà lábẹ́ èèpo ìrẹsì, tí iná bá kàn án, á mú kí ojú bọ́ọ̀dù yára di èédú, èédú yẹn á sì bo ti inú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan tó ń dènà iná yìí máa ń yọ́ sómi, wọ́n tún ń fa ọ̀rinrin, ìyẹn ni pé ohun tó ń gba bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ iná lè tún tà á fómi. Àfi kí wọ́n so ó mọ́ gúlù fúnra ẹ̀, kó má kàn jẹ́ pé wọ́n bù ú wọ́n sí i.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra bọ́ọ̀dù tí wọ́n pè ní ti ohun ọ̀gbìn, kó béèrè ohun tí wọ́n fi mú gúlù ẹ̀ le, torí gúlù míì wà tí wọ́n fi èèpo igi ṣe tó jẹ́ pé formaldehyde yẹn náà ni wọ́n ṣì fi ń mú un le.