Bí sóyà ṣe ń di wàrà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Wàrà sóyà tí wọ́n ń dín lẹ́bàá títì ní Ìjẹ̀bú-Òde yẹn, táwọn kan ń pè ní beske, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni sóyà ẹ̀ ti hù. Ilẹ̀ pákí àti obì nibẹ̀, òjò ẹ̀ pọ̀, sóyà sì ń fẹ́ oòrùn tó bá ti gbó, tí òjò bá ń pa á lóko ó máa bu ni. Benue, Kaduna, Niger àti Taraba ló ti ń wá jù, díẹ̀ tún ń wá láti òkè Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni wọ́n ń kórè, ìgbà yẹn ló máa ń wọ́n mọ níwọ̀n, tó bá wá di oṣù kẹfà, keje, ọwọ́ àwọn tó kó o pamọ́ ló kù sí, iye tí wọ́n bá pè é náà ni.

Tírélà á gba Jẹ́bà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ wọ Ìbàdàn, àwọn kan á já ẹrù ní Bódìjà, àwọn yòókù á tẹ̀ síwájú dé Ṣágámù, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti Ọ̀rẹ̀. Àwọn Hausa sì ti ń ra obì ní Sábó Ṣágámù tipẹ́tipẹ́, ọkọ̀ tó fẹ́ wá kó obì lọ sókè kò ní fẹ́ wá lófo. Látibẹ̀ ni wọ́n ti ń pín in kiri, títí á fi dé orí àtẹ ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, kóńgò kóńgò.

Àmọ́ o, ẹni tó ń ṣe wàrà kọ́ ló ń pinnu iye tí wọ́n ń ta sóyà, adìyẹ ni. Àwọn tó ń sin adìyẹ pọ̀ gan-an ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé iṣẹ́ máa ń fún òróró jáde lára sóyà, èyí tó bá ṣẹ́kù á di fíìdì tí adìyẹ ń jẹ, tírélà tírélà ni wọ́n sì ń rà á, wọ́n tún ń kó lára ẹ̀ lọ sókè òkun. Ìyá tó ń ra kóńgò márùn-ún ò lè bá wọn dù ú. Tó bá ti wọ́n, kò lè fowó lé wàrà, àwọn kọ́sítọ́mà á sá, ó kàn máa gé e kéré sí i ni. Ó yẹ kí àwọn ìyá yìí máa da èésú jọ, kí wọ́n ra àpò gidi sílẹ̀ lóṣù kọkànlá, ìyà tó ń jẹ wọ́n lóṣù keje ti pọ̀ jù.

Nílé, wọ́n á rẹ ẹ́ mọ́jú, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ kí àwọn aláta tó dé, torí tí ata bá ti gba inú ẹ̀rọ yẹn kọjá láìfọ̀ ọ́, mílíìkì ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á sè é dáadáa, sísè yẹn ṣe pàtàkì, torí nǹkan kan wà nínú sóyà tútù tí kì í jẹ́ kí inú lọ oúnjẹ bó ṣe yẹ. Ìgbà tó bá ń hó ni wọ́n á wá da omi ògì tó ti kan sí i, díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rí i tó ń ṣù jọ, tí omi ẹ̀ á mọ́ lọ́tọ̀. Wọ́n á dì í sínú aṣọ, wọ́n á gbé òkúta lé e. Ìyẹn ni pé ológì náà wà nínú iṣẹ́ yìí, tí kò bá sí omi ògì, àwọn kan máa ń lo ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí álọ́ọ̀mù.

Èyí tí wọ́n fẹ́ tà bíi mílíìkì ò nílò omi ògì, wọ́n á fi ṣúgà sí i, wọ́n á rọ ọ́ sínú ike. Wàhálà ẹ̀ ni pé wákàtí díẹ̀ ló lè lò láìsí fíríìjì, pẹ̀lú bí iná ṣe rí, mílíìkì tí wọ́n sè ní Ìkẹ́nnẹ́, Ìkẹ́nnẹ́ náà ni wọ́n máa mu ún tán sí. Ẹran sóyà gbígbẹ inú náílọ̀n lè rìn jìnnà ní tiẹ̀, ìyẹ̀fun sóyà tí wọ́n ti fún òróró ẹ̀ kúrò ni wọ́n fi ooru ṣe é nílé iṣẹ́. Ní Ìlíṣàn, níbi tí yunifásítì Babcock wà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ irú oúnjẹ yìí, torí ìjọ Adventist tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1959 máa ń gba ọmọ ìjọ níyànjú pé kí wọ́n fi ẹran sílẹ̀.

Èérí tó kù nínú aṣọ tí wọ́n fi sẹ́ sóyà, àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wá kó o láàárọ̀ kó tó kan.