Bí A Ṣe Ń Fi Ilé-Ìwé Girama Aláṣàyàn Wé Charter ní New York

Ní ìlú New York, oríṣi ilé-ìwé girama ọ̀fẹ́ méjì ni àwọn òbí máa ń fi wéra jù nígbà tí ọmọ bá ti wà ní kíláàsì kẹjọ. Àkọ́kọ́ ni àwọn ilé-ìwé ìjọba mẹ́jọ tí ó ń fi ìdánwò àbáwọlé ṣa ọmọ, tí Stuyvesant, Bronx Science àti Brooklyn Tech jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú wọn. Èkejì ni àwọn charter, tí owó ìlú ń gbọ́ bùkátà wọn ṣùgbọ́n tí ìgbìmọ̀ tiwọn ń darí wọn lábẹ́ òfin tí ìpínlẹ̀ New York ṣe ní 1998. Oríṣi méjèèjì ni ó ń gbé èsì tí ó jọni lójú síta. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń gbé èsì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì láì kọ́kọ́ bèèrè irú ọmọ tí ó wọlé, àti iye àwọn tí ó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tí wọ́n ka èsì.

SHSAT ni wọ́n ń pe ìdánwò àbáwọlé náà. Wákàtí mẹ́ta ni, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ni ó sì dá lé. Òfin ìpínlẹ̀ kan tí ó jáde ní 1971 ni ó sọ ọ́ di dandan pé máàkì ìdánwò ni kí wọ́n fi gba ọmọ sí ilé-ìwé mẹ́ta tí a dárúkọ yẹn. Èsì kíláàsì, lẹ́tà olùkọ́ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò sí níbẹ̀. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ tí ó lé ní 25,000 ni ó ń jókòó fún un, àwọn bí 4,000 ni ó sì ń rí ààyè. Ọmọ yóò to àwọn ilé-ìwé tí ó fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, yóò fi í sí ibi tí ó kọ́kọ́ yàn bí ààyè bá ṣì wà, yóò sì máa bọ̀ nísàlẹ̀ títí ààyè yóò fi tán. Máàkì ẹni tí ó gba ààyè ìkẹyìn ni wọ́n ń pè ní cut-off. Kò sí ẹni tí ó jókòó dá a lé iye kan. Nítorí náà, bí cut-off Stuyvesant ṣe máa ń ga ju ti àwọn yòókù lọ ń fi bí àwọn ọmọ tí ó mọ ìdánwò ṣe ń dù ú tó hàn. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí olùkọ́ ń ṣe nínú kíláàsì.

Ti charter yàtọ̀. Òfin kò fún wọn láyè láti fi ìdánwò ṣa ọmọ; bí àwọn tí ó bèèrè bá ju ààyè lọ, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́, pẹ̀lú àǹfààní díẹ̀ fún ọmọ àdúgbò àti fún ẹni tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Àmọ́ iye ọmọ lè dín kù gan-an lẹ́yìn ìwọlé. Nígbà tí Success Academy, ọ̀kan nínú àwọn charter náà, ṣí ilẹ̀kùn ní Harlem ní 2006, ọmọ 73 ni ó wà ní kíláàsì kìíní rẹ̀. Ní 2018, àwọn 16 ni ó jáde girama gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Ìdí tí ọmọ fi ń kúrò pọ̀: ẹbí lè kó lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ọmọ lè tún kíláàsì kà, òbí lè rí ibi tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Ohun tí ó kan ẹni tí ó ń ṣe àfiwé ni bóyá ilé-ìwé ń gba ọmọ mìíràn rọ́pò ẹni tí ó lọ, tàbí ó ń fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé-ìwé kan tí ó kéde pé gbogbo ọmọ kíláàsì kejìlá òun, ìyẹn kíláàsì àṣekẹ́yìn girama, ni yunifásítì gbà. Bí ọmọ 100 bá wọ kíláàsì kẹsàn-án, tí 60 péré sì dé kíláàsì kejìlá, ìkéde náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n 60 nínú 100 ni òbí ń wò. Iye àwọn tí ó jáde láàárín ọdún mẹ́rin, tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ jáde, kì í tú àṣírí yìí, nítorí pé ọmọ tí ìwé fi hàn pé ó lọ sí ilé-ìwé mìíràn yóò kúrò nínú ìṣirò ilé-ìwé àkọ́kọ́, yóò sì bọ́ sínú ti èkejì. Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro: ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ New York ń fi iye ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún. Kí òbí wo iye kíláàsì kẹsàn-án ti ọdún 2021 sí 2022, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye kíláàsì kejìlá ti 2024 sí 2025. Bí àlàfo bá pọ̀, kí ó bèèrè ibi tí àwọn ọmọ náà lọ, kí ó sì dúró gba ìdáhùn.

Irú ìṣọ́ra kan náà ni AP ń fẹ́, ìyẹn àwọn ẹ̀kọ́ tí ó dà bíi ti yunifásítì, tí wọ́n ń fún ní máàkì 1 sí 5 lẹ́yìn ìdánwò, tí 3 sókè sì jẹ́ yíyege. Àwọn ilé-ìwé kan ń jẹ́ kí gbogbo ọmọ ṣe é. Àwọn mìíràn ń yan ẹni tí yóò jókòó. Ká ní ilé-ìwé méjì ní ọmọ 250 lọ́kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì kejìlá. Ní ọ̀kan, àwọn 20 jókòó, 18 yege, èyí tí í ṣe ìdá 90 nínú 100. Ní èkejì, àwọn 200 jókòó, 80 yege, ìdá 40 péré. Lórí ìwé, ti àkọ́kọ́ ni ó dán. Nínú kíláàsì, ti èkejì ni ó sọ ọmọ púpọ̀ di ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́ yunifásítì.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti wá ọ̀nà láti ya iṣẹ́ ilé-ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára irú ọmọ tí ó wọlé. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2014, Abdulkadiroğlu, Angrist àti Pathak wo àwọn ọmọ Boston àti New York tí máàkì wọn fi díẹ̀ ju cut-off lọ, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí tiwọn fi díẹ̀ dín sí i. Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba; ilé-ìwé ni ó yàtọ̀. Àwọn tí ó wọlé bá ara wọn láàárín ẹgbẹ́ tí máàkì wọn ga jù, síbẹ̀ èsì ìdánwò wọn lẹ́yìn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ti charter, kèké tìkára rẹ̀ ni ó pèsè àfiwé: ní Boston, àwọn tí kèké mú lọ síwájú gan-an nínú ìṣirò ju àwọn tí kò mú lọ. Òtítọ́ ni pé ìwádìí àkọ́kọ́ kò sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí máàkì rẹ̀ jìnnà réré sí cut-off, àti pé charter Boston kì í ṣe gbogbo charter. Síbẹ̀, ó yẹ kí òbí tí ọmọ rẹ̀ fi máàkì díẹ̀ pàdánù Stuyvesant mọ èyí, kí ó má baà bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀la rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ìbéèrè tí ó wúlò jù fún ilé-ìwé èyíkéyìí ni ti àwọn ọmọ tí ó wọlé pẹ̀lú èsì bíi ti ọmọ ẹni: bí ọmọ bá gba ìpele 2 nínú ìpele mẹ́rin ti ìdánwò ìṣirò ìpínlẹ̀, níbo ni àwọn tí ó wọlé ní ìpele 2 dé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin? Ìlú New York ń tẹ ìròyìn ilé-ìwé jáde tí ó ń fi èsì àwọn ọmọ wé ti àwọn tí ó jọ wọ́n ní ilé-ìwé mìíràn, ìlà yẹn sì ni ó yẹ kí òbí kọ́kọ́ kà. Ní àwọn ilé-ìwé ìdánwò tí ó lókìkí jù, àfiwé yẹn kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó jọ tiwọn ni ó ti wà ní ilé-ìwé ìdánwò kan tàbí òmíràn.