Ìdí tí kárọ́ọ̀tì inú àpò yín fi ń yọ ẹsẹ̀ mẹ́ta

Àǹtí kan ní Sùúrùlérè fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kárọ́ọ̀tì tó gbìn sínú àpò ìrẹsì ní báákónì ẹ̀ ni, ó ti lé lóṣù mẹ́ta tó ti ń bomi rin ín, ewé ẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àfìgbà tó fà á tó bá nǹkan tó rí bí ọwọ́ alákàn, ẹyọ kan ẹsẹ̀ mẹ́ta, irun bò ó. Ó ní ṣé irúgbìn ni ò dáa ni. Irúgbìn kọ́ o. Mo bi í pé ṣé nọ́sìrì lẹ kọ́kọ́ gbìn ín sí kẹ́ ẹ tó ṣí i lọ sínú àpò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bóun ṣe máa ń ṣe tòmátò nìyẹn. Ìgbẹ́ adìẹ ńkọ́? Ó ní tútù ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o níbi tí wọ́n ti ń sin adìẹ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Gbòǹgbò àárín ni ohun tá à ń jẹ lára kárọ́ọ̀tì. Gbàrà tó bá hù ni gbòǹgbò yẹn ti ń sáré lọ sísàlẹ̀, tín-ín-rín bí òwú, kò tíì sanra rárá. Tí orí ẹ̀ bá já tàbí tó ká kò nígbà tẹ́ ẹ ń ṣí i, kò lè gùn mọ́, ẹ̀gbẹ́ ló máa yà sí. Ẹ lè ṣí tòmátò àti ata nídìí kó má ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àmọ́ kárọ́ọ̀tì kọ́, koríándà tó jẹ́ ẹbí ẹ̀ náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibi tó máa dàgbà sí ni kẹ́ ẹ fọ́n hóró ẹ̀ sí.

Òkúta àti èérún búlọ́ọ̀kù náà máa ń jẹ́ kó yà, ìgbẹ́ tútù ńkọ́, òun ló ń sọ ọ́ di onírun, ewé á pọ̀, ìdí ò ní sanra. Ẹ po ìyẹ̀pẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn, ẹ jọ̀ ọ́, kó jìn tó rúlà ọmọ iléèwé kan, ìyẹn 30 cm. Ìgbẹ́ tó ti jẹrà tí kì í rùn mọ́ ni kẹ́ ẹ lò, díẹ̀ sì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ilá yín ti ní kókó-kókó, àwọn kòkòrò tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ilá máa ba kárọ́ọ̀tì náà jẹ́.

Sùúrù wá kù. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kó tó hù, ọ̀pọ̀ èèyàn á ti sọ̀rètí nù lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n á fọ́n tẹ̀tẹ̀ lé e lórí. Ẹ da àpò tútù bo ojú ilẹ̀ kó má gbẹ, ẹ ṣí i kúrò gbàrà tẹ́ ẹ bá ti rí ewé. Tó bá ga tó ìka, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé díẹ̀ kúrò kí àlàfo wọn tó 5 cm. Ó máa ń dunni, mo mọ̀, àmọ́ tí wọ́n bá fún mọ́ra kò sí èyí tó máa tóbi.

Mi ò ní tàn yín, kárọ́ọ̀tì tẹ́ ẹ̀ ń rà ní Mile 12, òkè Ọya ni wọ́n ti ń kó o wá, irú Jos tó tutù. 16 sí 21°C ló fẹ́ràn, ooru Èkó ju ìyẹn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ fọ́n ọn ní Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá, kí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè bá a lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ sì béèrè irú kárọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Kuroda, ó máa ń fara da ooru díẹ̀.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé ìgbà wo ló máa yọ òdòdó káwọn lè mú irúgbìn. Ọdún kejì ni, lẹ́yìn tí òtútù bá ti mú un dáadáa, òdòdó funfun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí agbòòrùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Òtútù yẹn ò sí l'Ékòó, ẹ máa ra irúgbìn ni, kẹ́ ẹ wo déètì ara páálí. Èyí tí wọ́n ń gé orí ẹ̀ sínú omi nínú fídíò orí fóònù yẹn, ewé nìkan ló máa hù.

Tó bá ti di nǹkan bí 80 ọjọ́, ẹ fi ìka wa ilẹ̀ ọrùn ẹ̀ wò, tó bá ti nípọn tó àtàǹpàkò, ẹ fa ẹyọ kan tọ́ ọ wò, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù nínú ilẹ̀, ẹ da ìyẹ̀pẹ̀ padà bò ó kí oòrùn má sọ ọrùn ẹ̀ di àwọ̀ ewé.