Benz E350 àtijọ́ àbí Camry tó kéré sí i lọ́jọ́ orí: ibi tí owó ń gbà lọ

Bíi $50,000 ni wọ́n ń ta Mercedes-Benz E350 ti ọdún 2007 ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. Owó Toyota Camry 2012 kò tó ìdajì ìyẹn nígbà tí òun náà jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ní ọjà tòkúnbọ̀ l'Ékòó, Camry ló wọ́n ju Benz lọ báyìí. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé òun rí ọ̀pọ̀ rà. Ẹni tó ń tà á mọ ohun tó ń sá fún.

Iye ọkọ̀ ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Iye páàtì rẹ̀ kì í bá a já. Ọkọ̀ $50,000 ni E350, páàtì ọkọ̀ $50,000 náà ló sì ń béèrè títí dòní.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, M272, ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tó ń dín gbígbọ̀n kù, irin roboto eléyín kan ló sì ń yí i. Lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, irin yìí rọ̀ jù, eyín rẹ̀ á máa tán díẹ̀díẹ̀ títí táímìn, ìyẹn àkókò tí àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì fi ń bára wọn rìn, yóò fi yẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì á tàn lórí dáṣíbọọ̀dù, kọ̀ǹpútà á sì gbé kóòdù 1200 tàbí 1208 jáde. Irin náà fúnra rẹ̀ kò wọ́n púpọ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ ló wọ́n, torí odindi ẹ́ńjìnnì ni wọn yóò sọ̀ kalẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ló ń tú àṣírí: bí nọ́ńbà mẹ́fà tó kẹ́yìn, èyí tó tẹ̀lé 30, kò bá kọjá 468993, ó wà lára àwọn tó ní àrùn náà.

Ti ọdún 2006 sẹ́yìn tún ní bíréèkì oníkọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní SBC. Pọ́ńpù rẹ̀ ń ka iye ìgbà tí wọ́n tẹ bíréèkì. Tó bá ti pé, ó di pípààrọ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò láti 2007, ṣùgbọ́n ẹni tó sá fún bíréèkì 2006 ṣì lè kó sọ́wọ́ irin eléyín ti 2007.

Àwọn E350 kan ní ṣọ́kù oníafẹ́fẹ́, Airmatic. Rọ́bà rẹ̀ á sán, afẹ́fẹ́ á máa jò lóru, kọ́ńpírésọ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jóná. Olùtajà tó gbọ́n á ti táàtì ọkọ̀ sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, kó lè ti gbéra sókè. Kí wọ́n ní kó gbé e sílẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n sì wọn àlàfo tó wà láàárín táyà àti ara ọkọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹnikẹ́ni tó tan iná sí i.

Lexus ES 350 (2007 sí 2012) yàtọ̀. Ìpìlẹ̀ Camry ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní Muscle, ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì 2GR-FE rẹ̀ sì wà nínú Camry V6, nítorí náà ọjà páàtì Ládìpọ̀ l'Ékòó kún fún páàtì rẹ̀. Ewu tirẹ̀ ni páìpù ọ́ìlì VVT-i (ẹ̀rọ tó ń darí fáàfù ẹ́ńjìnnì) tó ní rọ́bà láàárín: tó bá bẹ́, ọ́ìlì á dà tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì. Kí wọ́n fi onírin látòkèdélẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Camry náà kì í ṣe ẹni mímọ́. Ẹ́ńjìnnì 2.4 ti 2007 sí 2009 máa ń jẹ ọ́ìlì torí ríìngì písítìnnì; 2.5 tó dé ní 2010 ló sàn jù.

Ní ti epo, ìwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé fún 1,000 kìlómítà, E350 ń mu bíi lítà 124, ES 350 bíi 107, Camry 2012 bíi 84. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á tún fi kún un. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì, Benz ń gba lítà 8, Camry 4.4.

Bí ọkàn ẹni bá ṣì wà lórí Benz, 2008 tàbí 2009 ni kó wá, èyí tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kọjá 468993, tó jẹ́ sípíríìnnì irin ló gbé e dúró, tí jíà rẹ̀ kì í há sójú kan tí ara rẹ̀ bá gbóná. Kí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó fi rà á sì wà nípamọ́ fún ọdún àkọ́kọ́.