Ọtí Nìkan Kọ́ ni Ó Ń Jà

"Kì í ṣe ìwà rẹ̀, ọtí ni." Gbólóhùn tí àwọn ìyá àti ìyàwó máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi nìyí, bí wọ́n bá mú ọkùnrin tí ó ti lu ènìyàn wá sí ilé ìwòsàn ọpọlọ. N kì í gbà á, nítorí pé ẹni méjì lè mu iye ọtí kan náà, kí ọ̀kan lọ sùn, kí èkejì sì fọ́ ìgò mọ́ ẹni tí ó ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí.

Apá ọpọlọ tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí ni a fi ń ro ọ̀rọ̀ wò kí á tó fèsì, òun náà ni a sì fi ń kóra wa níjàánu. Ọtí a máa dín agbára rẹ̀ kù lára gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní púpọ̀ tẹ́lẹ̀ ni tirẹ̀ ń yá tán. Ní 2004, Peter Giancola ti Yunifásítì Kentucky ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí èyí. Ó dán agbára ìrònú àwọn ènìyàn wò, ó fún àwọn kan ní ọtí, ó sì ní kí wọ́n bá alátakò kan tí wọn kò rí díje, kí wọ́n máa yan bí iná mànàmáná tí yóò gbé e yóò ti le tó. Kò sí alátakò kankan níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí agbára ìrònú wọn kéré ni ọtí mú kí wọ́n túbọ̀ rorò.

Ìdí nìyí tí n kì í fi bẹ̀rẹ̀ láti orí irú ọtí tí ènìyàn ń mu. Mo máa ń bèèrè bóyá ó ti já lulẹ̀ lórí ọ̀kadà rí, bóyá ó fi orí gbá ilẹ̀ tí ó sì dákú, nítorí pé ẹni tí iwájú ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa lè di oníjà lẹ́yìn ife kan ṣoṣo. Ọtí àmujù fún ọdún púpọ̀ pàápàá ń ba ibẹ̀ jẹ́.

Àwọn tí ń rẹ egbò igi sínú ògógóró, tí wọ́n sì ń tà á fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé yóò wẹ orí rẹ̀ mọ́, ọtí kan náà ni wọ́n ń dà lé e lórí. Èyí tí ó burú jù ni ilé àdúrà tí wọ́n ti ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de ọ̀mùtí mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì. Wọ́n gbé mẹkáníìkì kan wá bá wa lẹ́yìn tí ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń rí eku lára ògiri, gìrì sì ti mú un. Ẹgba ni wọ́n fi ń na ẹ̀mí èṣù tí wọ́n ní ó wà lára rẹ̀. Ara tí ọtí ti mọ́ lára ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá já a gbà lójijì, ó sì lè pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni oògùn rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni yín ṣíwọ́ ọtí, ẹ mú un wá kí ó tó ṣíwọ́, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí orí rẹ̀ bá ti fara pa rí.