Tọkọtaya Lórí Kẹ̀kẹ́: Ẹni Tí Ó Lọ́ra Ni Kí Ẹ Fi Wọn Ìrìn Àjò Yín

Nígbà tí tọkọtaya bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Kubwa, l'Abuja, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ jáde nílùú kí àwọn sì pàgọ́ sùn ní alẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọkọ máa ń bi mí ni iye kìlómítà tí ènìyàn lè rìn lóòjọ́. N kì í tètè dá a lóhùn. Àwọn méjèèjì ni mo máa ń bi pé ta ni ó kọ́kọ́ máa ń rẹ̀ nínú wọn, àti pé lẹ́yìn wákàtí mélòó. Iye wákàtí tí ẹni yẹn bá dá ni gígùn ìrìn àjò wọn, kìlómítà kàn ń tẹ̀lé e ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé obìnrin nìkan ni mò ń bá wí, nítorí mo mọ ìyá kan ní Gwarinpa tí ó máa ń jẹ ẹ̀pà lórí gbogbo òkè títí ọkọ rẹ̀ yóò fi bá a.

Ara mi ni mo ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Nígbà tí èmi àti Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ jáde, a gba ọ̀nà Dutse Alhaji lọ sí Bwari kí a lè yà sí Ushafa, nítòsí dáàmù Usuma. Gbogbo rẹ̀ kò ju 30 kìlómítà lọ, mo sì ṣírò wákàtí méjì fún un, nítorí wákàtí méjì ni èmi nìkan máa ń fi gùn ún láìru ohunkóhun. Oṣù Kejì ni, aago mẹ́jọ sì ti kọjá kí a tó kúrò nílé. Mo gun òkè kan dé orí rẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí i. Nígbà tí mo padà sísàlẹ̀, mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti gbé kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìgò omi rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ń fi ìdérí ìgò náà ya ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ máa lọ o, èmi ti dé ibi tí mò ń lọ." Kò pariwo, ìyẹn gan-an ni ó sì bà mí lẹ́rù.

Kẹ̀kẹ́ tí ó ru ẹrù kì í rìn bí èyí tí kò ru nǹkan kan. Lórí ọ̀dà tí òkè wà, kìlómítà 12 sí 15 ni ẹni tí ara rẹ̀ le lè rìn ní wákàtí kan, ẹni tí kò bá sì tíì mọ́ lára kì í sábà ju 10 lọ. Ẹ fi 10 yìí ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, tí ẹ sì pinnu pé aago mẹ́wàá ààbọ̀ kò ní bá yín lábẹ́ oòrùn, 30 kìlómítà pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ ni ẹ ní, ìyẹn sì tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ọ̀nà bá kù, ẹ dúró di aago mẹ́rin. Oòrùn Abuja kì í pẹ́ ju aago méje lọ kí ó tó wọ̀, nígbà kankan nínú ọdún, nítorí náà àgọ́ tí a kò bá tíì nà ní aago márùn-ún ààbọ̀, inú òkùnkùn ni a ó ti máa wá èèkàn rẹ̀. Ẹni tí ó lọ́ra ni kí ó máa ṣáájú, nítorí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ni ó ń rí èkejì rẹ̀.

Ní ti àsìkò, àárín oṣù Kọkànlá sí ìparí oṣù Kejìlá ni mo fẹ́ràn jù. Òjò Abuja máa ń dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹwàá, ẹrẹ̀ ti gbẹ, ooru oṣù Kẹta kò sì tíì dé. Ọyẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀: láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ni ó ti ń fẹ́ wá. Ẹni tí ó bá ti Kubwa lọ sí Bwari yóò kojú afẹ́fẹ́ ní àlọ, afẹ́fẹ́ yóò sì máa tì í lẹ́yìn ní àbọ̀, ìyẹn sì sàn ju kí agbára tán kí a tó wá pàdé rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ Jos ni ẹ ń lọ, tí ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, ẹ gbé ìbora tí ó nípọn dání. Eruku ọyẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ epo ara ṣéènì, ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún lálaalẹ́.

Ẹrù pípín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọgbọọgba. Àgọ́ ẹlẹ́ni méjì sábà máa ń wọn kílò 2 sí 3. Òun àti irin iṣẹ́ àti ìkòkò ni kí ẹni tí ó yára gbé, nítorí ẹrù yẹn ni yóò fà á sẹ́yìn títí ìrìn àwọn méjèèjì yóò fi bára mu. Omi ni ẹrù gan-an: lítà kan jẹ́ kílò kan, àpò píọ̀ wọ́tà tí ó ní ọ̀rá 20 oní-ìdajì lítà sì jẹ́ kílò 10. Ẹ má ṣe rù ú láti ilé bí ẹ bá mọ abúlé tí ẹ ó ti rí i rà.

Kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ méjì, ẹ wo táyà wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ínṣì 26 tí èkejì sì jẹ́ ínṣì 28, tíúbù ìpamọ́ tí ẹ ó rù di ìlọ́po méjì, ọ̀kan kò sì ní gba èkejì là. Ẹ wo ẹnu tíúbù náà pẹ̀lú. Ìkan wà tí ẹnu rẹ̀ rí tín-ín-rín, ìkan sì wà tí ó nípọn bíi ti mọ́tò. Fọkanáísà èyíkéyìí létí ọ̀nà lè fẹ́ atẹ́gùn sí èyí tí ó nípọn, ṣùgbọ́n èyí tín-ín-rín yẹn, wíwò ni yóò kàn máa wò ó.

Ìjà tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ebi ni ó ń fà á ju ìwà lọ, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kí ẹ máa jẹ dàbínù, ẹ̀pà tàbí kúlíkúlí díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì dúró de òǹgbẹ kí ẹ tó mumi. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnìkan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, tí a gé orí wọn dọ́gba, nínú lítà kan omi mímọ́, ni kí ó máa mu díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí a ó sùn ni n kì í fi ṣeré. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti pàgọ́ sínú igbó, bẹ́ẹ̀ ni n kì í gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà márosẹ̀ Abuja sí Kaduna, bí ó ti wù kí àpáta Zuma tí ó wà létí rẹ̀ lẹ́wà tó. Ọgbà ilé ìtura tí ó ní ẹ̀ṣọ́ ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ lọ kí Mai Unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò ní abúlé, kí ẹ tó tú ẹrù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ fi Hausa tí ẹ gbọ́ kí wọn, ẹ sọ pé tọkọtaya ni yín. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, inú àgbàlá tiwọn gan-an ni wọn yóò fi yín sí, ilé ìyàgbẹ́ yóò sì wà níbẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ṣọ́bìrì kékeré ni ẹ nílò: kí ihò náà jìn tó sẹ̀ntímítà 15 sí 20, kí ó jìnnà sí odò tó 60 mítà. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ni ọ̀rọ̀ yìí nìkan ń dá dúró sílé, tí ọkọ kò sì ronú kàn án rí.

Kí ẹ tó jáde rárá, ẹ na àgọ́ náà sí àgbàlá ilé yín, kí ẹ sùn sínú rẹ̀ mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi yín rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àdéhùn pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní "ó tó" lójú ọ̀nà, ó tó náà nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn títí di ọjọ́ kejì, kí owó ọkọ̀ sì wà lọ́tọ̀ fún un. Ní ọjọ́ igi máńgòrò yẹn, bọ́ọ̀sì kan tí ó ń bọ̀ láti Bwari ni ó gbé wa. Awakọ̀ so kẹ̀kẹ́ méjèèjì mọ́ orí bọ́ọ̀sì, Ìyá Ìbejì jókòó síwájú, ó sì sùn títí a fi dé Dutse. Ó tó oṣù kan kí ó tó béèrè ìgbà tí a tún ń lọ. Ó ní òun ni yóò máa ṣáájú, àti pé bí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá lù tí n kò tíì múra, òun kò lọ mọ́.