Ta lẹ kọ sí Cc?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ìwé ìwáṣẹ́ wá bá mi ní Kúbwà pé kí n bá yín tún un ṣe, àìkíni kọ́ ló ń ba ímeèlì yín jẹ́. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Yorùbá ní kíkí? Ẹ tiẹ̀ ń kí jù ni. Ẹ ó kí ọ̀gá, ẹ ó bèèrè àlàáfíà ilé, ẹ ó ṣàdúrà fún un. Ọ̀gá tó ń fi fóònù ka lẹ́tà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Nyanya ò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ ń wá. Ẹ kí i lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ dúpẹ́, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà yín sísàlẹ̀. Ní ti àkọlé, ìyẹn Subject, orúkọ iṣẹ́ náà àti orúkọ yín ti tó.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni àpótí mẹ́ta tó wà lókè: To, Cc àti Bcc. Ẹni tẹ́ ẹ ń retí èsì lọ́wọ́ ẹ̀ ló ni To. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ sí i, àmọ́ tí ẹ ò ní kó ṣe nǹkan kan, òun ló ni Cc. Ẹni tó bá wà ní Bcc á rí lẹ́tà, àwọn yòókù ò sì ní mọ̀ pé ó rí i.

Ẹ kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ kan ní mínísírì láàárọ̀ Mọ́ńdè, pé ẹ ò tíì rí owó iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe. Kò tíì jókòó dáadáa, ẹ ti kọ ọ̀gá àgbà ẹ̀ sí Cc. Ẹ ti fẹjọ́ ọmọ sun bàbá ẹ̀ lójú àlejò nìyẹn. Ní Àbújá níbí, ẹni tó ń gbé fáìlì láti orí tábìlì kan dé èkejì lágbára ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ kọ̀wé sí òun nìkan lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá fèsì, ẹ sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ fẹ́ fi tó ọ̀gá létí, kẹ́ ẹ tó lo Cc.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ń kó àdírẹ́sì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sójú kan, Bcc ni tiyín. Ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ń dáàbò bò. Ẹ sì máa kọ àdírẹ́sì kẹ́yìn, nígbà tẹ́ ẹ bá ti ka lẹ́tà tán. Gmail lè dá a dúró fún yín kó tó lọ, àmọ́ kò lè ju ìṣẹ́jú àáyá 30.

Ọmọkùnrin kan wá bá mi. Ẹni tó ń tẹ ìwé fún un ní káfè sọ pé kó má fi owó ṣòfò, kó kó gbogbo ilé iṣẹ́ sí To lẹ́ẹ̀kan náà. Wòlíì ẹ̀ sì ní kó fi òróró pa kìbọ́ọ̀dù, kó ka Sáàmù 23, kó fi ránṣẹ́ láago méjìlá òru. Èmi náà ń gbàdúrà o, ṣùgbọ́n òróró ò mọ To yàtọ̀ sí Cc. Àdírẹ́sì kan nínú àwọn tó kó jọ, orí WhatsApp ló ti rí i, ti gbájúẹ̀ sì ni. Gbájúẹ̀ ṣí lẹ́tà, ó rí gbogbo ibi tọ́mọ yìí ti ń wáṣẹ́, ó mú ọ̀kan nínú wọn, ó sì fi orúkọ wọn kọ̀wé padà: wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́, san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ náà yáwó lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ní Ìlọrin, ó san án.

Mo ní kó fìka tẹ orúkọ tó wà lókè lẹ́tà yẹn níṣojú mi. Orúkọ ilé iṣẹ́ ló hàn síta, àmọ́ gmail.com ló wà lẹ́yìn @. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ tó wù ú síwájú, ohun tó tẹ̀ lé @ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá ní iléeṣẹ́ ìjọba lòun, .gov.ng ló yẹ kó gbẹ̀yìn ẹ̀. Bí wọ́n bá sì dárúkọ owó pẹ́nrẹ́n, ẹ pe ilé iṣẹ́ náà lórí nọ́ńbà tó wà lójú ìkànnì wọn, ẹ má pe èyí tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà.